Kánópì tí atẹ́gùn gbé ní Kabba: ohun tí ìnṣọ́ránsì san àtohun tí kò san

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì oníṣòwò ni mo gbé wá, èyí tí wọ́n ń pè ní public liability nílẹ̀ wa níbí, táwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní general liability. Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni màá sọ látòkè délẹ̀, èyí tó ṣojú mi látọjọ́ tí wọ́n ti ra ìwé náà títí dọjọ́ tí owó fi wọlé, torí iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé àti àkáǹtì ní Kabba títí dé Ìyàrà àti Mopa lọ́hùn-ún. Ìyá tó ni iṣẹ́ ọ̀hún ló ní kí n kọ ọ́ kó lè wúlò fẹ́lòmíì, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ kọ́ńpìnnì kankan. Màmá oní-kánópì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ yẹn náà la máa lò.

Iṣẹ́ Màmá ni kó máa yá èèyàn ní kánópì, àga, tábìlì àti kúlà. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Okun á mọ̀ pé iṣẹ́ gidi niyẹn, òkú àgbà ni o, ìgbéyàwó ni o, ìwúyè ni o, ká má tíì wá sọ ti òpin ọdún táwọn ọmọ tó wà l'Ékòó àti Àbújá bá ti wálé, ó lè jẹ́ ibi mẹ́ta ni kánópì ẹ̀ á wà lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo. Ó láwọn ọmọkùnrin tó máa ń bá a gbé e ró. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ olóṣù, ọjọ́ tíṣẹ́ bá wà ló ń pè wọ́n, tí wọ́n bá ṣe tán á san owó ọjọ́ yẹn fún wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí ó máa dọ̀rọ̀ níwájú.

Kì í ṣe pé Màmá kàn dìde lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì. Kọ́ńpìnnì kan lójú ọ̀nà Ọbájànà ló fẹ́ gbéṣẹ́ kánópì fún un, wọ́n wá ní kó kọ́kọ́ mú sáátífíkéètì public liability wá kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Ó pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n tún ní kí n lọ mú wá yìí o?" Third party mọ́tò ni mo fi ṣàlàyé fún un, torí kò sẹ́ni tó ń wakọ̀ níbí tí ò mọ third party. Tó o bá gbá ọkọ̀ ẹlòmíì, third party tìẹ ló máa tún tiẹ̀ ṣe, kò kan ọkọ̀ tìẹ rárá. Láti January 2023, ₦15,000 lówó ẹ̀ lọ́dún fún ọkọ̀ ara ẹni, èyí tó sì lè san lórí dúkìá ẹni tó o bà jẹ́ ò ju ₦3 mílíọ̀nù lọ. Public liability ni third party fún iṣẹ́ èèyàn. Tíṣẹ́ ẹ bá ṣe ẹlòmíì léṣe, tàbí tó ba nǹkan ẹlòmíì jẹ́, tí òfin sì gbà pé ìwọ lo lẹ̀bi ẹ̀, òun ló máa san, tí wọ́n bá tún torí ẹ̀ gbé ẹ lọ kóòtù, òun náà ló máa gba lọ́yà fún ẹ. Màmá ní, "Ẹn-ẹ́n, ó ti yé mi báyìí."

Ọ̀dọ́kùnrin ajẹ́ńtì tó gbé fóòmù wá ṣe jẹ́jẹ́, ó gbọ́n, àmọ́ ó ń kánjú. Níbi tí wọ́n ti bèèrè irú iṣẹ́ téèyàn ń ṣe, ó kọ "yíyá àga àti tábìlì fún òde". Mo ní rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Àga tí wọ́n yá lọ, kí ló lè ṣe, ó pọ̀ jù kí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ṣẹ́ mọ́ èèyàn nídìí. Irin àti tapólì téèyàn gbé sórí ọgọ́rùn-ún èèyàn nínú ọgbà onílé, ewu tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, kọ́ńpìnnì tó bá gba owó lórí àga lè yí padà lọ́jọ́ tí kánópì bá wó kó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa kánópì. A wá kọ ọ́ báyìí: yíyá kánópì, àga, tábìlì àti kúlà, pẹ̀lú gbígbé kánópì ró àti títú u níbi tí oníbàárà bá fẹ́, láàárín Kogi àti ìpínlẹ̀ tó yí i ká. Ìlà kan péré ni. Ìlà yẹn ló gba Màmá sílẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ohun tó jẹ́ kí n taku ni pé Òfin Ìnṣọ́ránsì ọdún 2003, tó jẹ́ òfin tó wà nígbà yẹn, là á sílẹ̀ pé tí ajẹ́ńtì bá bá ẹ kọ nǹkan sínú fóòmù, gẹ́gẹ́ bí aṣojú tìẹ ni wọ́n á kà á sí lórí ohun tó kọ yẹn, kò ní í jẹ́ aṣojú kọ́ńpìnnì. Tó bá kọ ọ́ sódì, ọrùn ẹ ló wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wa ló kàn máa ń fọwọ́ síbi tí ajẹ́ńtì bá tọ́ka sí, wọn ò ní í bèèrè pé kí wọ́n kà á fáwọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n kà á fún yín.

Lórí owó, Màmá fẹ́ san ìdajì kó sì san ìyókù tí kọ́ńpìnnì Ọbájànà bá ti sanwó fún un. Mo ní Màmá, kò gbà bẹ́ẹ̀ o, abala 50 nínú òfin yẹn ní kò sí ìnṣọ́ránsì níbi tówó ò bá tíì wọlé. Ó san gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, inú àkáǹtì kọ́ńpìnnì ló san án sí, kì í ṣe ọwọ́ ajẹ́ńtì, a gba rìsíìtì. Kó tó san án rárá la ti wò ó bóyá orúkọ kọ́ńpìnnì ọ̀hún wà lára àwọn tí NAICOM, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, fún láṣẹ.

Ohun tó wà nínú ìwé náà rèé: ₦5 mílíọ̀nù ni wọ́n lè san dé lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ₦10 mílíọ̀nù láàárín ọdún kan gbáko, tó bá sì jẹ́ dúkìá ẹlòmíì ló bà jẹ́, Màmá fúnra ẹ̀ ló máa san ₦50,000 àkọ́kọ́. Wọ́n ń pe ìyẹn ní excess. Màmá rò pé iṣẹ́ Ọbájànà nìkan ni ìwé yẹn wà fún. Mo ní rárá, gbogbo òde tẹ́ ẹ bá ti gbé kánópì ró láàárín ọdún náà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká lò ó o." Mo ṣe àmín.

Sátidé kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2024 ni. Òkú ìyá àgbà kan ni wọ́n ń ṣe, iwájú gbọ̀ngàn kan ní Kabba ni wọ́n ti ń jẹun, kọnkéré ni wọ́n sì da síbẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè kan ìṣó kánópì mọ́ ọn. Búlọ́ọ̀kù làwọn ọmọ náà so okùn mọ́, búlọ́ọ̀kù méjì-méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kánópì mẹ́fà ni wọ́n gbé ró. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn tó ń gbé kúlà oúnjẹ kọjá láti ẹ̀yìn ń kọsẹ̀ lára okùn kánópì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí, ni ọ̀kan nínú àwọn ẹbí olókùú bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ Màmá kan pé kó tú okùn ẹ̀gbẹ́ yẹn káwọn lè ráàyè kọjá. Ọmọ náà tú u. Kò tún un so.

Ẹ mọ bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe máa ń ṣe lágbègbè wa, atẹ́gùn ló máa ń ṣáájú, eruku á bo ojú ọ̀run kí òjò tó já. Bó ṣe fẹ́ dé báyìí, àwọn kánópì márùn-ún yòókù mì, wọ́n dúró. Èyí tí wọ́n tú okùn ẹ̀ gbéra nílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó yí, ó ṣubú sórí ibi páàkì. Irin ẹ̀ kan ba bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún lápá, ó wá láti ìlú kan ní Ìjùmú wá kẹ́dùn, eegun apá bàbá dá. Irin mìíràn bọ́ sórí mọ́tò, gíláàsì iwájú fọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì jìn wọnú. Ọmọ iṣẹ́ tó sáré lọ fẹ́ dì í mú, irin la orí ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo ojú ẹ̀. Kánópì fúnra ẹ̀, irin ẹ̀ tẹ̀, tapólì ẹ̀ ya látòkè délẹ̀.

Ibẹ̀ ni Màmá ti pè mí, ó ń sunkún. Mo ní Màmá, ẹ gbé bàbá àti ọmọ yẹn lọ ọsibítù lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú kánópì tó ṣubú yẹn títí èmi á fi dé, kí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ máa ya fótò. Ọpẹ́lọpẹ́ fótò yẹn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó fi búlọ́ọ̀kù méjì hàn lórí kọnkéré, kókó okùn ṣì wà lára wọn, orí okùn kejì sì wà nílẹ̀ gbalaja, kò so mọ́ ohunkóhun. Lẹ́yìn wọn lèèyàn tún ti ń rí kánópì márùn-ún tó dúró sípò.

Ohun mìíràn tí mo sọ fún Màmá lórí fóònù ló ṣòro jù. Mo ní ẹ má ṣèlérí owó fẹ́nikẹ́ni, ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ìwé ìnṣọ́ránsì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó ra á ò gbọdọ̀ gba ẹ̀bi, kò gbọdọ̀ ṣèlérí, kò gbọdọ̀ bá wọn parí ẹ̀ lẹ́yìn kọ́ńpìnnì. Nílẹ̀ wa, ẹni tí nǹkan ẹ̀ bá ṣe èèyàn léṣe tí ò sáré lọ kúnlẹ̀, ọ̀dájú ni wọ́n á pè é, wọn ò sì jayò pa. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú yàtọ̀ sí ẹ̀bi. Màmá tẹ̀ lé bàbá dé ọsibítù, òun ló sanwó káàdì àti X-ray, ó tọ́jú rìsíìtì, ó jókòó tì í dalẹ́. Ohun tó ń sọ fáwọn ọmọ bàbá ni pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ara wọn á yá láṣẹ Ọlọ́run, mi ò ní í fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká wádìí bó ṣe ṣẹlẹ̀." Kò sí nǹkan tó burú nínú ìyẹn. "Èmi ni mo fà á, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ní kí n san ni màá san," èyí ni kọ́ńpìnnì ò fẹ́ gbọ́.

Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè a kọ lẹ́tà sí kọ́ńpìnnì, a fi ímeèlì ránṣẹ́ pẹ̀lú fótò, ọjọ́, aago, orúkọ àwọn tó fara pa àti nọ́ńbà mọ́tò. Ẹ má dúró kí ẹni tó fara pa bínú kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn, kíákíá ni ìwé ní kẹ́ ẹ sọ ọ́.

Ìpàdé ẹbí ló wá dé, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ káwọn oníṣòwò wa ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbà lẹ́bí bàbá tó fara pa ránṣẹ́ pe Màmá sílé olórí ẹbí wọn. Wọ́n ti kọ ìwé sílẹ̀ dè é, lórí bébà ìwé ọmọléèwé, pé Màmá gbà pé ẹ̀bi òun ni, òun á sì san ₦1.5 mílíọ̀nù láàárín oṣù mẹ́ta, owó ọsibítù àti owó ìtánràn pọ̀. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́ o, ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n ní káwọn má jẹ̀ẹ́ kọ́rọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n Màmá ọkùnrin tó bá wa lọ ti na ọwọ́ sí bírò, ó ní ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sí i kí àlàáfíà lè wà.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ẹ̀yin bàbá wa, mi ò wá jiyàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi. Tí Màmá bá fọwọ́ sí ìwé yìí lónìí, kọ́ńpìnnì tó gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ láti dúró fún un nírú ọjọ́ báyìí lè sọ pé àwọn ò sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń ṣe é, kí wọ́n kọ̀ láti san. Àpò Màmá nìkan lowó á ti jáde nígbà yẹn. Kánópì ló ní, ó máa tà á, díẹ̀díẹ̀ lẹ máa gba owó yín, iṣẹ́ á sì ti bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ní sùúrù, ẹ kó gbogbo rìsíìtì ọsibítù jọ, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, ẹ kọ ohun tí bàbá ń rí lóṣù nídìí pákó tí wọ́n ń tà kí èyí tó ṣẹlẹ̀, owó máa wá látọ̀dọ̀ àwọn tó lówó lọ́wọ́.

Bàbá kan bi mí pé, "Tí kọ́ńpìnnì yín ò bá wá ńkọ́? Ṣé kí bàbá wa wá jókòó sílé pẹ̀lú apá rírọ̀?" Ìbéèrè tó dáa ni. Mo ní bàbá, kò sẹ́tọ̀ọ́ yín kankan tó kú torí pé ẹ dúró, Màmá ò sá, ilé ẹ̀ nìyí, tí wọn ò bá san, ẹ ṣì lè gbé Màmá lọ kóòtù. Ọ̀kan nínú wọn tó ti ṣiṣẹ́ báńkì rí ló wá bá wọn fi èdè wa gidi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bá rọ̀. Wọ́n gbà láti dúró. Màmá ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá, ó ń lọ kí i, kò sì sí kọ́ńpìnnì tó lè ka ìyẹn sí i lọ́rùn.

Síbẹ̀ náà ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bàbá tó wà ní Lọ́kọ́jà ní kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí Màmá. Ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ dá a lóhùn kíákíá. A ò dá a lóhùn. Bí lẹ́tà ṣe wà la ṣe fi ránṣẹ́ sí kọ́ńpìnnì lọ́jọ́ yẹn, àwọn ló fèsì, torí àwọn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bá lọ́yà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀.

Kọ́ńpìnnì rán ẹni tó ń ṣèwádìí wá láti Àbújá, loss adjuster ni wọ́n ń pè é. Ó wo ilẹ̀, ó wọn búlọ́ọ̀kù, ó bá àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ wo bàbá. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà kan dé tó fẹ́ já Màmá láyà, wọ́n ní ó jọ pé ìjì ló fà á, iṣẹ́ Ọlọ́run ni, kò jọ pé Màmá jẹ̀bi, tí Màmá ò bá sì jẹ̀bi, kò sóhun táwọn máa san.

Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí. Public liability kì í ṣe owó àánú. Ohun tí òfin bá dá ẹ lẹ́bi lé lórí nìkan ló ń san. Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ohun tó yẹ, tí ìjì tí ẹnikẹ́ni ò lè dá dúró wá gbé kánópì yín, òfin lè sọ pé ẹ ò jẹ̀bi, kọ́ńpìnnì á wá gbèjà yín kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń bèèrè owó, àmọ́ ẹni náà ò ní í rí nǹkan gbà. Màmá wá bi mí ní kọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé kí n wá sọ pé ọmọ yẹn tú okùn ni? Ṣé wọn ò ní í sọ pé ìwà àìbìkítà wa ni, kí wọ́n torí ẹ̀ kọ̀?" Mo ní Màmá, torí àìbìkítà gan-an lẹ ṣe ra á. Kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan láti pa ẹlòmíì lára, ìyẹn ni wọn ò ní í san. Kí ọmọ iṣẹ́ gbàgbé láti tún okùn so, ìdí tí ìwé yẹn fi wà nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọmọ náà sọ ọ́ fúnra ẹ̀. A fi fótò okùn yẹn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ní kí wọ́n wo kánópì márùn-ún tó so dáadáa lójú atẹ́gùn kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà, tí ìkankan nínú wọn ò gbéra. Kò sí èsì sí ìyẹn. Wọ́n gbà pé ẹ̀bi wà. Wọ́n tún bèèrè nípa ẹni tó ní kí wọ́n tú okùn, torí tí kọ́ńpìnnì bá ti san, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ gba díẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì tó bá pín nínú ẹ̀bi, ṣùgbọ́n wọn ò lépa ìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi nínú, torí olókùú ni wọ́n.

Owó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá tápá ẹ̀ dá gba ₦870,000, owó ọsibítù, owó mọ́tò lọ-bọ̀, àtohun tó pàdánù nídìí pákó nígbà tí ò lè ṣiṣẹ́ ló wà níbẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé pé òun ò ní í bèèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ Màmá mọ́. Kò tó ₦1.5 mílíọ̀nù tí wọ́n kọ́kọ́ kọ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ló wọlé, oṣù mélòó kan péré lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ẹbí sì dúpẹ́.

Ẹni tó ni mọ́tò ti kọ́kọ́ gbé third party tiẹ̀ jáde, ó rò pé ìyẹn máa tún un ṣe. Mo ní ẹ̀gbọ́n, tiyín wà fún ohun tí mọ́tò yín bá ṣe fẹ́lòmíì, kò mọ ohun tí ẹlòmíì ṣe fún mọ́tò yín. Ìwé Màmá ló tún un ṣe. ₦310,000 ni gíláàsì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, kọ́ńpìnnì san ₦260,000, Màmá fi ₦50,000 kún un bí ìwé ṣe wí.

Kánópì tó ya ńkọ́? Kọ́bọ̀ ò jáde. Dúkìá Màmá fúnra ẹ̀ ni, ti ẹlòmíì sì ni public liability wà fún. Irú ìnṣọ́ránsì mìíràn ló ń bojú tó ohun ìní ẹni, Màmá ò sì ra ìyẹn.

Ti ọmọ iṣẹ́ ló dùn mí jù. Wọ́n rán orí ẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kọ́ńpìnnì ní òṣìṣẹ́ Màmá ni, ìwé yìí ò sì kan òṣìṣẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ibi tó yẹ kówó ọmọ yẹn ti wá ni NSITF, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, lábẹ́ òfin Employee's Compensation Act ọdún 2010, níbi tí agbanisíṣẹ́ ti ń dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń san fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé "olójúmọ́ ni wọ́n, kì í ṣe òṣìṣẹ́ mi", òfin yẹn ò gbà bẹ́ẹ̀, ó ka olójúmọ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ó ka ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà mọ́ ọn, kódà tó bá jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Màmá ò tíì fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ rárá. Àpò ẹ̀ ló ti tọ́jú ọmọ náà, ó sì san owó ọjọ́ tí ò lè wá ṣiṣẹ́ fún un. Ọmọ tó ń gun irin kiri fún wa lọ́dọọdún, tó bá já bọ́ lọ́la, ta ló máa tọ́jú ẹ̀? Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Kabba tí mò ń bá ṣe ìwé ni ò tíì dáhùn ìyẹn.

Àwọn kan bi mí nígbà yẹn pé ẹni tó ni gbọ̀ngàn ńkọ́, ṣé kò yẹ kí òun náà ní nǹkan kan. Ó yẹ. Abala 65 nínú òfin 2003 yẹn ní gbogbo ilé táwọn ará ìlú ń wọ̀ jáde láti kàwé, gba ìtọ́jú, ṣe fàájì tàbí ra ọjà, àti ilé tí ayálégbé wà, gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì fún ìdàwólulẹ̀, iná, ìjì, omíyalé àti ìmìtìtì ilẹ̀, títí kan ẹ̀tọ́ ẹni tó bá fara pa níbẹ̀ nípasẹ̀ wọn. Lábẹ́ òfin ìgbà yẹn, ẹni tí ò bá ní in lè san ìtánràn ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Ilé ló wà fún o, kò gba ipò ìwé oní-kánópì. Lọ́dún 2025 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun, Nigerian Insurance Industry Reform Act, tó rọ́pò ti 2003, nítorí náà nọ́ńbà abala tí mo ń pè yìí jẹ́ ti ìgbà tọ́rọ̀ Màmá ṣẹlẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì tó pọn dandan ṣì wà nínú òfin tuntun náà.

Nígbà tí ọdún yípo, kọ́ńpìnnì fi owó kún ti Màmá, kò yà wá lẹ́nu. Ó ti pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù sí àgbá tí wọ́n rọ kọnkéré sí, èyí tí ọwọ́ ẹnì kan ò lè gbé. Ó ní ìwé pélébé kan tí oníbàárà ń fọwọ́ sí kí kánópì tó kúrò nílé, pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí wọ́n tú okùn gbọ́dọ̀ pe Màmá fúnra ẹ̀ lórí fóònù. Ó ti kọ orúkọ àwọn ọmọ náà lọ sí NSITF.

Ohun tó kù báyìí ni oúnjẹ. Màmá fẹ́ fi ìrẹsì sísè kún iṣẹ́, kí oníbàárà lè rí kánópì àti oúnjẹ gbà lójú kan náà. Mo ní tí oúnjẹ bá yọ àlejò lẹ́nu, ìwé tẹ́ ẹ ní yìí ò sọ nǹkan kan nípa oúnjẹ, product liability ni wọ́n ń pe ìyẹn, àfi kẹ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi kún un, kẹ́ ẹ sì sanwó ẹ̀. A ti kọ ọ́ sí fóòmù tuntun, wọ́n ń bèèrè ibi tó ti ń sè é, omi tó ń lò àti iye èèyàn tó ń sè fún. A ti dáhùn gbogbo ẹ̀, a ń retí iye tí wọ́n máa pè é. Màmá ti pinnu pé kò sí ìkòkò ìrẹsì tó máa gorí iná fún oníbàárà kí rìsíìtì yẹn tó dé.